Ẹjọ́ Jogbo ní Àbújá: Ìtàn Iyàn Lórí Àwọn Fíìmù Túndé Kèlání

Nínú ọdún 1991, ohun méjì ṣẹlẹ̀ tí àwọn òpìtàn kì í sábà kà pọ̀, ṣùgbọ́n tí ó yẹ kí á so pọ̀ bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí iyàn fi máa ń gbóná láàárín àwọn Yorùbá Àbújá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn fíìmù àgbà. Èkíní ni pé Túndé Kèlání, ọmọ tí a bí sí Èkó ní ọdún 1948, tí a sì mú lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ àgbà ní Abẹ́òkúta, ìlú abẹ́ Olúmọ, Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, kí ó lè gba ẹ̀kọ́ ilé mọ́ ti ìwé, dá ilé-iṣẹ́ fíìmù tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Mainframe. Èkejì ni pé ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé àga àṣẹ kúrò ní Èkó lọ sí ẹsẹ̀ Àpáta Aso, ní ilẹ̀ tí òfin kẹfà ti ọdún 1976 yà sọ́tọ̀, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgúdà ṣe alága rẹ̀ ti dábàá pé kí á wá olú-ìlú sí àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè. Ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìtàn ọba, ilẹ̀ àti májẹ̀mú. Ìlú kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ibùjókòó àwọn tí ń búra láti ṣàkóso. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti ń wo ara wọn lójú.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé iyàn tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù ń bá ara wọn jà ní Àbújá lórí èyí tí ó ta yọ jù nínú iṣẹ́ Kèlání kì í ṣe iyàn asán, nítorí pé bí ìlú náà ti ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ojú tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń wo fíìmù náà ń yí padà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá tẹ́tí sí iyàn wọn dáadáa yóò gbọ́ ìtàn Àbújá fúnra rẹ̀ nínú rẹ̀.

A kò lè sọ ti ọmọ kí á má sọ ti baba. Kí Kèlání tó dé, àwọn òṣèré alárìnjò, tí Hubert Ògúndé jẹ́ olórí wọn nígbà tiwọn, ti gbé eré láti orí ìtàgé bọ́ sínú sinimá. Ní ọdún 1976 ni Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, tí Adéyẹmí Afọláyan, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Ní ọdún 1979 ni Aiyé ti Ògúndé jáde, tí èrò sì ń wọ́ tẹ̀ lé e láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Kèlání ti kọ́ṣẹ́ kámẹ́rà ní ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1959. Ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó sì ti ya àwòrán fún àwọn ẹlòmíràn nínú Ìyá Ni Wúrà, Taxi Driver, Ìwà àti Fọ́pomọ́yọ̀, kí ó tó di olùdarí tí ń pa àṣẹ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ru ẹrù ẹlẹ́rù rí kì í gbàgbé bí ẹrù ti ń wúwo tó. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, tí fíìmù gidi tí wọ́n ń fi ya sinimá di ọ̀wọ́n gógó, tí àwọn ilé sinimá sì ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan, inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni àwọn oníṣẹ́ náà sá sí, Kèlání sì wà nínú àwọn tí ó fi hàn pé iṣẹ́ tí a ṣe sínú kásẹ́ẹ̀tì lè ní láárí bí ti àtijọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì yìí náà ni ó gbé e dé Àbújá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kó láti Èkó, àti àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n tẹ̀ lé wọn, bá ara wọn ní ìlú tí òpópónà rẹ̀ gbòòrò ṣùgbọ́n tí ènìyàn kò tí ì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, níbi tí aládùúgbò wọn ti lè jẹ́ Hausa, Gbagyi, Tiv, Igbo tàbí Nupe, tí àwọn ọmọ wọn sì ń gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa ní ìta ju bí wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá lọ. Ìrìn àjò mú kásẹ́ẹ̀tì wá láti Ìbàdàn àti Èkó. Wọ́n ń yá a láti ọwọ́ dé ọwọ́ ní Garki àti Wuse, ní Karu àti Nyanya, títí dé Kubwa. Ìyàrá kan tí ẹ̀rọ fídíò wà nínú rẹ̀ sì lè gba ìdílé mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni iyàn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé a kì í kó Yorùbá mẹ́wàá jọ síwájú eré kan kí ẹnu wọn kò.

Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ dá iyàn ńlá sílẹ̀ ni Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1993, tí ó sì pé apá mẹ́ta. Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ni ó ni ìtàn náà, òun náà ni ó sì ṣe ìjòyè tí ó lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn méjì mìíràn láti ta ilẹ̀ àjogúnbá fún àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ilé epo sí i. Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, a-fọkọ́-yẹrí, kò gba ìwọ̀sí: àwọn tí wọ́n jọ pín owó ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku ẹni tí ń sá kiri. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ka fíìmù yìí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀san, wọ́n ní ohun tí ẹnikẹ́ni bá gbìn ni yóò ká, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀rín tí Bàbá Wándé ń mú jáde láti inú ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ti pẹ́ ní Àbújá, tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀san nìkan kọ́. Wọ́n rán wa létí pé Garki àti Maitama tí à ń pè lónìí jẹ́ ìletò àwọn Gbagyi kí ẹ̀rọ katakata tó dé, pé wọ́n kó àwọn kan nínú àwọn onílẹ̀ lọ tẹ̀ dó sí Kubwa, àti pé òfin ọdún 1976 sọ gbogbo ilẹ̀ agbègbè náà di ti ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí ó di àárín ọdún 2003 sí 2007, tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà olú-ìlú, tí a sì ń wó ilé tí kò bá àwòrán ìlú mu, kò sí ẹni tí ilẹ̀ ti jà lé lórí rí tí ó lè wo fíìmù náà mọ́ kí ó má bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni ó ni ilẹ̀ ní tòótọ́. Iyàn yìí kò ní ìparí, ṣùgbọ́n ó kọ́ àwọn olùwòran pé ìtàn ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Yorùbá lè sọ̀rọ̀ nípa olú-ìlú tí a kọ́ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Ó Le Kú dé ní ọdún 1997, láti inú ìwé ìtàn àròsọ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní ọdún 1974. Yẹmí Ṣódìmú ni ó ṣe Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìfẹ́ rẹ̀ pín sọ́dọ̀ ọmọbìnrin ju ẹyọ kan lọ ní Ìbàdàn Mesíọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé. Nípa èyí, àwọn obìnrin ni ó ṣáájú iyàn. Àwọn kan nínú wọn dá Àjàní lẹ́bi láìkù síbì kan, wọ́n ní ẹni tí ó mọ̀ pé ọkàn òun kò dúró sójú kan kò gbọdọ̀ mú ọkàn ẹlòmíràn ní ìdógò. Àwọn mìíràn bẹ̀bẹ̀ fún un, wọ́n ní bí ìyá bá ti ń kán ọmọ lójú pé kí ó fẹ́yàwó kí ó tó parí ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ ọmọ yóò kọ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ka ìwé náà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní kò sí àwòrán tí ó lè dọ́gba pẹ̀lú èdè Ìṣọ̀lá. Àwọn tí kò kà á sì dáhùn pé fíìmù náà ni ó jẹ́ kí àwọn wá ìwé náà lọ. Ibi tí gbogbo wọn ti fẹnu kò ni ti aṣọ: ìró kúkurú àti bùbá alápá kékeré ti ìgbà ọ̀dọ́ àwọn ìyá wọn tún padà wọ òde àríyá ní orúkọ fíìmù náà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní oleku títí di òní. Fíìmù tí ó bá lè yí aṣọ tí à ń rán padà ti kúrò ní ohun ìdárayá lásán.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí jẹ́ ìpalẹ̀mọ́ fún Saworoidẹ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ọ́, Kèlání sì gbé e jáde ní ọdún 1999. Ní ìlú Jogbo, májẹ̀mú àtayébáyé so adé idẹ mọ́ ìlù kan tí a ń pè ní saworoidẹ: ọba tí yóò bá gun orí ìtẹ́ gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́ kí ó sì mulẹ̀ pé òun kò ní já ìlú kulẹ̀, èyí tí ó bá sì kọ̀ tí ó gbé adé náà lé orí, bí wọ́n bá lu ìlù náà, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, kọ̀ láti búra, nítorí pé owó ni ó bá wá sí ipò ọba aláṣẹ èkejì òrìṣà. Ó sọ igbó ìlú di ọjà fún àwọn agégẹdú, àwọn ọ̀dọ́ sì dìde sí i. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe sójà wá gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú, sójà náà, Lágàta, sì yí ìbọn padà sí i, ó gba adé. Nígbà tí ó dé adé yẹn, ìlù sọ̀rọ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó wà ní Àbújá ní àkókò náà mọ ohun tí fíìmù yìí ṣe sí ọkàn ènìyàn. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ọdún 1998 ni Ọ̀gágun Sani Abacha kú lójijì ní ilé ìjọba ní Aso. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1999 ni a búra fún Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní Eagle Square. Àárín ìgbà yẹn ni fíìmù náà bọ́ sí, kò sì yani lẹ́nu pé apá kan nínú àwọn olùwòran mú un dájú pé Abacha ni Lágàta, pé kò sí ohun mìíràn láti túmọ̀. Apá kejì kọ̀. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ni, fíìmù náà ì bá ti kú pẹ̀lú ẹni náà, ṣùgbọ́n Lápité tí kò wọ aṣọ sójà, tí ó jẹ́ ọmọ bíbí ìlú, ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún Lágàta, nítorí náà ẹ̀bi náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oníbọn. Apá kẹta, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ àti ẹlẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́, ní àbùkù kan wà lára iṣẹ́ náà: pé lẹ́yìn gbogbo ìjà tí àwọn ọ̀dọ́ Jogbo jà, ìlù abàmì ni ó parí ogun, bí ẹni pé ìlú tí kò bá ní irú ìlù bẹ́ẹ̀ kò ní ìrètí kankan.

Ọ̀rọ̀ apá kẹta yìí wúwo, mi ò sì fẹ́ fò ó dá. Ṣùgbọ́n ó jọ mí lójú pé wọ́n wo ìlù ju ẹni tí ó gbé e lọ. Àyàngalú, onílù Jogbo, ni ó fi ìlù náà sá wọ inú igbó, tí kò jẹ́ kí ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn alágbára. Ọmọ Àyàn ni ó lù ú ní ọjọ́ tí ó yẹ. Bàbá Ọ̀pálábà, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, ẹni tí ọ̀pọ̀ olùwòran fẹ́ràn ju ọba àti ìjòyè lọ, ni ó ń fi òwe àti orin bá àwọn alágbára wí. Ìlù kì í dá dún. Akéwì, onílù, akọ̀wé àti ẹni tí kò bẹ̀rù láti sọ òtítọ́ ni agbára tí Ìṣọ̀lá àti Kèlání ń tọ́ka sí, bí ìlú bá sì ní àwọn wọ̀nyí, ó ní ohun tí Lágàta kò lè fi ìbọn gbà.

Ní ọdún 2002 ni Agogo Èèwọ̀ tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni àwọn olólùfẹ́ Kèlání ti pínyà jù lọ. Jogbo yan ọba tuntun, Adébọ̀ṣípò, tí Dèjúmọ̀ Lewis ṣe, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì fẹ́ tún ìlú ṣe. Àwọn ìjòyè tí wọ́n ti jẹun ní ayé Lápité sì ń retí oúnjẹ tiwọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó mọ́, a pe agogo èèwọ̀ jáde kí gbogbo ìjòyè lè búra sí i pé ọwọ́ àwọn mọ́. Ọ̀pọ̀ ni ó sọ pé fíìmù yìí lọ́ra, pé ìwàásù pọ̀ nínú rẹ̀, pé kò ní ìpayà tí ó wà nínú èyí tí ó ṣáájú, pé ó yẹ kí Kèlání ti fi Jogbo sílẹ̀ níbi tí Lágàta ti ṣubú. Àwọn díẹ̀ dúró tì í gbọingbọin. Wọ́n ní kí á wo ọdún tí ó jáde: a ti dá àjọ ICPC sílẹ̀ ní ọdún 2000 láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, EFCC sì tún ń bọ̀ ní ọdún 2003, Àbújá ń kọ́ agogo èèwọ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Kèlání ń fi ti Jogbo han ayé.

Iyàn tí a jà lórí Thunderbolt, tí wọ́n tún ń pè ní Mágùn, ní ọdún 2001, jẹ́ ti ẹ̀yà mìíràn. Láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí ni ó ti wá, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ̀rọ̀. Ngozi, ọmọ Igbo, àti Yínká, ọmọ Yorùbá, pàdé lẹ́nu iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, wọ́n di tọkọtaya, ìfura sì mú mágùn wọ inú ilé. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ẹni tí ó ń gbé èdè Yorùbá lárugẹ kò gbọdọ̀ fi èdè àjèjì sọ ìtàn tí ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àti pé kò yẹ kí á máa tú àṣírí ilé fún aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ní Àbújá, níbi tí ọkọ ti lè jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá kí ìyàwó jẹ́ ọmọ Ànáḿbrà, a rí àwọn tí ó jẹ́ pé fíìmù yìí nìkan ni tọkọtaya jọ lè wò tí ẹnì kan kò ní máa túmọ̀ fún ẹnì kejì. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹ́ kí àlejò bọ̀wọ̀ fún ilé òun gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá tí Fálétí àti Ìṣọ̀lá ń kọ ni mo máa ń fẹ́ gbọ́ ní gbogbo ìgbà.

Àwọn iṣẹ́ ìkẹyìn kò ru ìjà tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ní, ní ọdún 2006, gbé ìfẹ́ láàárín Yorùbá Nàìjíríà àti Yorùbá ilẹ̀ Benin síwájú wa, ó sì rán wa létí pé ààlà tí òyìnbó fà kò tó láti pín ọmọ ìyá. Arugbá, ní ọdún 2008, wọ inú ọdún Ọ̀ṣun lọ. Àwọn kan yìn ín fún ẹwà, àwọn mìíràn ní ó kó ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ jù sínú eré kan. Nígbà tí Àyìnlá dé àwọn ilé sinimá ní ọdún 2021, tí Lateef Adédiméjì ṣe Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí a pa ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1980, ìran tuntun tí kò mọ Jogbo rí ni ó kún inú ilé sinimá ní Àbújá. Àwọn àgbà ní ó yẹ kí á fi ọ̀wọ̀ bo àléébù olórin náà. Àwọn ọ̀dọ́ ní òkú ọ̀run kò bẹ̀rù òtítọ́.

Ohun kan tún wà tí ó ba ìdájọ́ jẹ́ láàárín gbogbo wọn, èyí sì ni iṣẹ́ àwọn olè tí ń da fíìmù kọ láìgba àṣẹ. Láti ọdún 1993 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ tí ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀, Àbújá sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, síbẹ̀ ẹ̀dà jíjí ń tà ní ìgboro, Kèlání fúnra rẹ̀ sì ti ké gbàjarè lórí òfò tí ó ṣe é. Ìgbà púpọ̀ ni ẹni tí ó ní àwòrán fíìmù kan kò dára jẹ́ ẹni tí ó wo ẹ̀dà tí a ti dà kọ títí ojú àwọn òṣèré fi di òjìji. Ó sì ń dá oníṣẹ́ lẹ́jọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ olè.

Bí wọ́n bá wá bi mí pé ibo ni mo dúró, èmi kò ní fi í sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó Le Kú ni ó dùn jù, Saworoidẹ ni ó ya ni lẹ́nu jù, ṣùgbọ́n Agogo Èèwọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń kà sí àbúrò ni mo fi adé dé. Ìdí mi ni pé ìṣubú aninilára, bí ó ti wù kí ó dùn mọ́ wa tó, kò ju ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kan lọ, ikú sì lè bá wa ṣe é láìjẹ́ pé a gbé ọwọ́ sókè, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní oṣù Kẹfà ọdún 1998. Ṣùgbọ́n kí àwọn tí ó ṣẹ́ kù jókòó, kí wọ́n wo ojú ara wọn, kí wọ́n sì mulẹ̀ pé àwọn kò ní jalè, kí wọ́n sì pa á mọ́ ní ọjọ́ kejì àti ní ọdún kẹwàá, iṣẹ́ tí kò ní ìlù ayọ̀ nínú ni, nítorí náà ni fíìmù tí ó sọ ọ́ fi lọ́ra lójú wa. Ẹni tí ó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ, ni àwọn baba wa wí. Ní Àbújá, Bíbélì àti Kùránì ni à ń fi búra, ọdọọdún ni ìbúra tuntun sì ń wáyé. Títí di ìgbà tí ẹni tí ó búra níbẹ̀ yóò fi bẹ̀rù ìbúra ju bí ó ti ń bẹ̀rù ìbò lọ, ẹjọ́ Jogbo kò tí ì parí, mo sì fẹ́ kí àwọn olólùfẹ́ fíìmù má ṣe jẹ́ kí rírò rẹ̀ sú wọn.